Ta ni Ó Ni Ẹja Inú Ọ̀sà?

Bí a bá bi àwọn ará àdúgbò kan léèrè pé ta ni ó ni ewúrẹ́ tí ń jẹ koríko ní ẹ̀yìnkùlé, ẹnì kan yóò dáhùn pé òun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó ni ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, gbogbo wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì wí pé ẹja inú omi kò lólóhun, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un ni ó ni ín. Ìdáhùn yìí rọrùn, ó sì jọ òtítọ́. Síbẹ̀síbẹ̀ ìbéèrè kan farapamọ́ sí inú rẹ̀, tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jùmọ̀ rò dáadáa. Bí ẹja kò bá lólóhun, kí ni ìjọba ń wá tí ó fi ń ṣe òfin tí a fi lè gba àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja? Ẹrù ta ni apẹja náà jí? Ta ni ó ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ lásán fún àwọn tí ń gbé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáìkò ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, omi ni ó sì yí wọn ká láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀sà tóóró tí ó kọjá ní ìhà Ọ̀jọ́ wá láti apá Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó gba Àgbádárìgì, ó sì ń lọ pàdé èbúté Èkó, níbi tí omi dídùn gbé ń dàpọ̀ mọ́ omi iyọ̀ òkun. Odò Yewa ń ṣàn sínú rẹ̀. Odò Òwò sì ń ṣàn sínú ọ̀sà Ológe tí ó wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Àwórì, Ègún, Ìlàjẹ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó ń fi àwọ̀n, ìgèrè àti ìwọ̀ wá oúnjẹ lórí omi náà. Òkokomáìkò ní tirẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kò di àjẹ̀ mú rí láyé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ra ẹja ní ọjà Ìyànà-Ìbà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ń pa ẹja, ó kan ẹni tí ń tà á, ó sì kan ẹni tí ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó ní ẹja kò lólóhun, nítorí agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èrò yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé òfin tí Justinian, ọba Róòmù, mú kí a tẹ̀ jáde ní 533, a kọ ọ́ pé ẹranko igbó, ẹyẹ ojú ọ̀run àti ẹja inú omi kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, àti pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú wọn ni ó ni wọ́n. Ní 1609, Hugo Grotius, amòfin ilẹ̀ Họ́láǹdì, kọ ìwé kan láti fi hàn pé òkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìlò ẹnì kan kò fi lè dín ti ẹlòmíràn kù. Òun tìkára rẹ̀ gbà, síbẹ̀, pé a lè jiyàn pé ẹja lè tán. Ó sọ ọ́, ó sì kọjá lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ó kọjá yẹn gan-an ni ó yẹ kí a dúró sí.

Nítorí ohun kan ni ó gbé èrò náà ró: pé ẹja pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tán lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, tí mo sì gbe omi kún ìkòkò mi, n kò fi nǹkan kan du aládùúgbò mi, nítorí òjò náà ń rọ̀ sí àgbàlá tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹja bá dà bí òjò, kò sí ẹni tí ó lè jí i. Ní 1883, Thomas Huxley, ọ̀mọ̀wé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde níbi àfihàn ẹja pípa ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ pé ó dá òun lójú pé irú ẹja òkun bí kọ́ọ̀dù kò lè tán nípa ohunkóhun tí ènìyàn bá ṣe. Kì í ṣe aláìmọ̀kan ni. Olùbẹ̀wò iṣẹ́ ẹja pípa fún ìjọba ni ní àkókò náà.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní etí òkun Newfoundland, tí ó wà ní ilẹ̀ Kánádà nísinsìnyí, ẹja kọ́ọ̀dù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ròyìn nígbà ìrìn àjò John Cabot ní 1497 pé agbọ̀n lásán ni a lè sọ sínú omi kí a sì fi kó wọn. Fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ènìyàn fi ń pa á. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́ńjìnnì dé pẹ̀lú àwọ̀n tí ń wọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1992, ìjọba Kánádà kéde pé kí gbogbo ènìyàn ká àwọ̀n wọn, nítorí ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2024 ni a tó tún ṣí ìpẹja náà fún òwò, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a sì fi ṣí i. Àwọn tí kò jalè rí láyé wọn ni ó di aláìníṣẹ́, nítorí pé àwọn baba wọn àti àwọn àlejò gbà pé ohun tí ó pọ̀ kì í tán.

Ó yẹ kí a tún wo ẹja mìíràn tí ìtàn rẹ̀ bá ti ọ̀sà wa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja sámọ́nì ń gbé inú òkun títí yóò fi dàgbà, ṣùgbọ́n inú odò ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ sí. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò gbéra láti inú òkun, yóò sì wọ inú odò lọ sí òkè, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì ń padà sí odò tí a ti bí wọn gan-an. Odò kì í gbòòrò bí òkun. Ẹni kan ṣoṣo tí ó bá ta àwọ̀n tàbí tí ó bá ṣe ọgbà dí ojú odò lè mú ìyá pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀, kí àwọn tí ń gbé lókè odò má rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí òfin odò fi pẹ́ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé àdéhùn ńlá tí ọba wọn fi òǹtẹ̀ lù ní 1215, a pàṣẹ pé kí a wó gbogbo ọgbà ẹja tí ó wà nínú odò Thames, odò Medway àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọkọ̀ ni ó wà lọ́kàn wọn jù. Ní 1861 ni wọ́n ṣe òfin sámọ́nì tí ó yan olùbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún odò Thames. Ìdènà omi àti ẹ̀gbin ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti lé sámọ́nì kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀ṣọ́ lè ṣọ́ ohun tí ó wà. Kò lè ṣọ́ ohun tí ó ti lọ.

Àwa kò ní sámọ́nì nínú ọ̀sà wa. Ṣùgbọ́n a ní atòkò, tí ìrìn tirẹ̀ jẹ́ òdì kejì ti sámọ́nì: inú òkun ni ó ń yé ẹyin sí, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì wọ inú ọ̀sà wá láti dàgbà ní ibi tí ìgbì kò ti le. Agbọ̀dọ̀ pẹ̀lú ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín òkun àti ọ̀sà. Láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tí ó dúró sínú ẹrẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá sí kí ẹja ńlá má baà gbé wọn mì. Nítorí náà ọ̀sà Ọ̀jọ́ kì í ṣe ibi ìpẹja nìkan. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni fún ẹja tí àwọn apẹja mìíràn yóò pa lójú òkun lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, tàbí àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ṣe fún ibùsùn, kó ọmọ ẹja níbẹ̀, inú ilé ọmọ ni ó wọ̀.

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Òtítọ́ ni pé ẹja kan ṣoṣo nínú omi kò lólóhun. Ṣùgbọ́n ìran ẹja lólóhun. Ẹja tí mo bá mú lónìí ni tèmi. Agbára omi láti tún bí ẹja mìíràn kì í ṣe tèmi. Ohun ogún ni, ogún kì í sì í ṣe ti ẹni tí ó wà láàyè nìkan. Ó jẹ́ ti ẹni tí ń ju àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì jẹ́ ti ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ ṣẹ ẹnì kan, ẹni náà sì lè pariwo. Ẹni tí ó ba ibi ìbísí ẹja jẹ́ ṣẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tíì ní ẹnu tí wọn yóò fi pariwo. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òfin bá wọn pariwo. Àwọn àgbà ti wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé; èyí tí ó burú jù ni pé nínú ọ̀ràn ẹja, àwọn ọmọ àgbà náà ni yóò ru igbá náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni láti pa ẹja inú odò. Ohun yòówù tí òǹkàwé lè rò nípa ìgbàgbọ́ tí ó bí èèwọ̀ náà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe hàn gbangba: ẹja ń bí sí i níbẹ̀ láìsí ìdágìrì. Èèwọ̀ ní agbára nítorí pé gbogbo ìlú ni ó gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò olùṣọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀.

Òfin ti wa tí a kọ sílẹ̀ kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1992, ọdún kan náà tí Kánádà ti òkun rẹ̀ pa, ìjọba ológun ilẹ̀ Nàìjíríà gbé òfin méjì jáde, ọ̀kan fún ẹja pípa nínú òkun, èkejì fún ẹja pípa nínú odò àti ọ̀sà. Wọ́n kà á léèwọ̀ láti fi ohun abúgbàù tàbí májèlé pa ẹja. Wọ́n sì pàṣẹ pé ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí òkun, kí apẹja ọlọ́kọ̀ igi lè rí oúnjẹ rẹ̀.

Nípa májèlé, kò yẹ kí àríyànjiyàn gùn. Ògùn Gamalin 20, tí a ṣe láti fi pa kòkòrò orí kòkó, ni àwọn kan ti ń dà sínú omi láti fi pa ẹja. Lindane ni oró inú rẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò ní 2009, lábẹ́ àdéhùn Stockholm, pé kí a mú kúrò nílẹ̀. Oró náà kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ, ó sì ń bá ẹja wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí ó ta irú ẹja bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ ní ọjà ti kọjá arúfin odò. Ó ti fi ọwọ́ kan ẹ̀mí ènìyàn. Kí òfin mú un láìjáfara.

Ṣùgbọ́n ti àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ nira ju èyí lọ, nítorí pé ebi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn baba wa wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Baba tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún kò lè dúró kí ọmọ ẹja dàgbà. Kí ni a ó wí fún un? A ó wí pé ebi ń dín ẹ̀bi kù, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí kò tọ́ di títọ́. A ó tún wí fún un pé àwọn tí ó ń ṣẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ni, tí ebi ń pa bí ó ti ń pa òun. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ èyí tán, a kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ẹni tí ó gba àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí ìjọba bá ń fẹ́ kí ọmọ ẹja yè, kí ó ran ẹni tí ń pa á lọ́wọ́ pẹ̀lú kí òun náà lè yè: kí a kìlọ̀ kí a tó fi ìyà jẹ ni, kí a sì fi àwọ̀n tí ó tọ́ rọ́pò èyí tí kò tọ́. Òfin tí ó mọ ọ̀nà à ti gbà, tí kò mọ ọ̀nà à ti fún ni, ìdájì òfin ni.

Ẹ̀dùn ọkàn kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Apẹja yóò wí pé: èmi nìkan ha ni mo ń ba omi jẹ́ bí? Ó sì ní ìdí. Àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ igi ní etí òkun wa kò dẹ́kun àti máa ráhùn pé ọkọ̀ ńlá ń wọ inú máìlì 5 tí òfin fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń fa àwọ̀n wọn ya. Àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ìdọ̀tí láti ilé iṣẹ́ ńlá ní Agbára ń wọ ọ̀nà ọ̀sà Ológe, àti pé a rí àwọn irin olóró nínú omi rẹ̀. Láti 1984 ni ewéko ojú omi tí ó wá láti ìhà Àjàṣẹ́ ti wọ ọ̀sà Àgbádárìgì, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tí ó sì ń mú omi ṣókùnkùn. Àwọn mìíràn ń wa yanrìn láti inú omi, wọ́n ń gé igi ẹ̀gbà, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí etí ọ̀sà láti kọ́lé. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kọjá lára gbogbo èyí, tí ó lọ mú ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ igi, ta ni yóò pe èyí ní ìdájọ́ òdodo?

Ẹ rò ó wò. Kí ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ àwọ̀n? Ó ní kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó, kí kékeré lè kọjá, kí ńlá sì há. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí òfin fúnra rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, òfin wa dà bí àwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ dá lẹ́bi: kékeré há sínú rẹ̀, ńlá sì fà á ya, ó bá tirẹ̀ lọ. Èyí kò fi hàn pé kí a da òfin nù. Ẹ̀ṣẹ̀ olówó kò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tálákà mọ́. Ẹja tí ọkọ̀ ńlá pa kò sọ ẹja tí májèlé pa di ààyè. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún òfin gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Òfin tí a kò bọ̀wọ̀ fún, owó ìtanràn lásán ni yóò dà.

Ó ku ẹ̀ṣọ́ omi fúnra rẹ̀. Òun ni ó dúró láàárín ẹja àti apẹja, kò sì sí ẹni tí ń rí i lórí omi ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí ó bá gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tí ó mú, kí ni ó tà? Kì í ṣe ẹja tirẹ̀, nítorí kò ní ẹja. Ogún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni ó tà. Èyí burú ju iṣẹ́ apẹja lọ, nítorí ebi lè ti apẹja, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ń gba owó oṣù láti má ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe wá ṣe é? Elinor Ostrom, obìnrin ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ará abúlé ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ṣe ń tọ́jú omi, igbó àti pápá tí wọ́n jùmọ̀ ní. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1990 ó fi hàn pé ohun àjùmọ̀ní kì í ṣe dandan kí ó parun. Níbi tí àwọn tí ń lò ó bá ti lọ́wọ́ nínú òfin rẹ̀, tí àwọn tìkára wọn ń ṣọ́ ara wọn, tí ìyà sì bẹ̀rẹ̀ láti kékeré kí ó tó di ńlá, ó máa ń tọ́jọ́. Àwa mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí àwọn ọba, baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ apẹja ní Ọ̀jọ́ àti agbègbè rẹ̀ bá jókòó pọ̀ pẹ̀lú ìjọba láti mọ ibi tí a kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sí àti àkókò tí omi yóò sinmi, òfin yóò ní ojú ju ti ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí yín, nítorí ẹ kì í ṣe apẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra ẹja pẹ̀lú ń ju àwọ̀n. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ra ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tí kò tíì yé ẹyin rí, kò sí ẹni tí yóò pa á. Kí a kọ́ ọmọ láti mọ ẹja tí ó dàgbà yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì dàgbà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ láti mọ iṣu tí ó gbó. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá tún béèrè pé ta ni ó ni ẹja inú ọ̀sà, ọmọ náà yóò lè dáhùn pé: èyí tí ó wà nínú agbọ̀n jẹ́ ti ẹni tí ó pa á, èyí tí ó wà nínú omi, àjùmọ̀ní àwa àti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni.